Máa Yọ Ìdajì Lọ, Gunnvor

Ẹ ti fura kí n tó là á sọ: ọkùnrin tó bá ti òkèèrè dé, tó ń tẹnu mọ́ ọn lójoojúmọ́ pé owó kì í ṣe ìṣòro òun, owó gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Oddvar Hellevik ṣe rí nìyẹn. Ó pẹ́ ní Singapore, níbi tó ti ń bójú tó àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, kó tó padà sí Skarvvik, abúlé tí wọ́n ti bí i, létí òkun ilẹ̀ Norway. Ó kó àpótí wálé. Ó kó ẹ̀wù funfun kan wálé, irú èyí tí oòrùn Skarvvik kò ní ràn tó kó tó gbó. Ó sì gbé àwọ̀ ara kan wálé tó pọ́n bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, èyí tí àwọn èèyàn ń wò ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń wo ọkọ̀ tuntun.

Ohun tí kò kó wálé ni owó. Ọ̀gá rẹ̀ ní Singapore ní ilé ìsinmi kan sí Spain. Oddvar náà bá fi èyí tó ní àti èyí tó yá ra tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó yá, iye ilé já wálẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè báńkì kò bá a já. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún ní gbogbo Skarvvik, Asta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ní kó ṣèlérí pé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ọmọ ìyá mi, ṣé mo jọ ẹni tí kì í pa ẹnu mọ́ ni?" Asta béèrè.

Oddvar wò ó dáadáa. Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ó ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi lódìkejì omi, iṣẹ́ tó dáa, kì í kàn ṣe iṣẹ́ ọ̀gá àgbà tó ń ròyìn ẹ̀ fáwọn èèyàn. Gunnvor ló ń ṣètò owó oṣù níbẹ̀. Wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì kan náà nígbà èwe. Oddvar lọ, Gunnvor fẹ́ ẹlòmíràn, ẹni náà sì ti kú. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ojú ló fi ń rín in, ẹnu rẹ̀ kì í ṣí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù àkọ́kọ́ máa wọlé, ó ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"Oddvar, kọ̀ǹpútà yìí ní o ò sí láyé."

"Kí ló dé?"

"Ilé iṣẹ́ owó orí ò ní káàdì ìdá owó orí kankan fún ẹ. O ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi. Tí kò bá sì sí káàdì, òfin ní ìdajì owó oṣù ẹ ni kí n máa yọ ránṣẹ́ sí wọn. Kò le rárá. O kàn máa sọ fún wọn iye tó o rò pé á wọlé fún ẹ lọ́dún yìí, àti gbèsè tó o ń san èlé lé lórí, tó bá wà. Wọ́n á ṣírò ẹ̀, ìdá tó yẹ kí n máa yọ á sì jáde síbí lójú ẹsẹ̀."

"Níbo?"

"Níbí." Ó fi bírò kan ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Níwájú mi."

Ká ní àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí Oddvar lọ ṣe é lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Arnfinn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Arnfinn ló ni ọ̀sìn ẹja sámọ́nì tó wà lẹ́nu odò, ó sì ti di àṣà rẹ̀ láti máa gbé ẹja wá fún àwọn ará ọ́fíìsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja tó tóbi jù níbẹ̀ ni ti Gunnvor nígbà gbogbo. Ìgbéraga dà bí iná: tí kò bá rí atẹ́gùn, á kú fúnra rẹ̀. Arnfinn sì ni atẹ́gùn.

"Ìdajì?" Oddvar fa èjìká sókè. "Máa yọ ìdajì lọ, Gunnvor. Èmi kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí."

Arnfinn súfèé. "Ẹ gbà mí o! Èmi tí wọ́n bá yọ ìdajì tèmi, ẹja ni màá máa sùn lé lórí."

"Ìwọ kọ́ lo lọ Singapore," Gunnvor sọ fún un, ó sì wo Oddvar. Oddvar rò pé ìwò ìyìn ni.

Kí ẹ tó bú u, ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ tó padà dé gan-an ló ti mọ̀ pé nítorí Gunnvor lòun ṣe wálé, kì í ṣe nítorí òkun, kì í sì ṣe nítorí sàárè bàbá òun. Nígbà tí oṣù kejì tó ti dé ń parí lọ, ó sọ ọ́ fún un létí omi: kó wá máa gbé pẹ̀lú òun nílé bàbá òun. Gunnvor kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ilé yẹn ti ń jò láti ìgbà tá a wà nílé ìwé," ó ní. "Ilé tó gbẹ ni mò ń gbé, mi ò ní fi sílẹ̀ lọ gbé inú agbami. Tún òrùlé ẹ ṣe. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tá a bá tan àbẹ́là àkọ́kọ́ de Kérésìmesì, màá wá wò ó, màá sì dá ẹ lóhùn."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó ku ọ̀kan. Leif, ọkọ mi, fi nǹkan pa mọ́ fún mi títí wọ́n fi sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wú u jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní agbára láti máa wú nǹkan jáde mọ́, Oddvar. Ohunkóhun tó o bá jẹ́, jẹ́ ẹ lójú mi."

"Èmi?" Oddvar ní. "Inú mi ò ní kọ̀rọ̀."

Òjò ìgbà ìwọ́wé sì bẹ̀rẹ̀. Òjò Skarvvik kì í rọ̀ kó dá. Ó máa ń kó wá gbé ni. Nínú yàrá ẹ̀yìn, Oddvar to garawa, ó to ìkòkò, nígbà tó yá ó to àwo ìmùkọfí. Ó ń sùn, ó ń gbọ́ tó-tó-tó. Ó pe àwọn tó ń kan òrùlé, wọ́n wá, wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọ iye tí wọ́n máa gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fún wọn ní kọfí, ó sì ní òun máa pè wọ́n. Ìdajì owó oṣù tó kù lẹ́yìn tí báńkì bá ti mú tiẹ̀ kò lè ra òrùlé ilé adìẹ.

"Lọ yí káàdì yẹn padà, òmùgọ̀," Asta sọ fún un. Ó wá gbé ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fún un, ó sì rí garawa. "Sọ gbèsè ilé Spain fún wọn. Wọ́n á dín owó orí ẹ kù, wàá rówó kan òrùlé ẹ. Àbí ìjọba lò ń fi òjò gún lójú ni?"

"Ìjọba á dá a padà fún mi."

"Lọ́dún tó ń bọ̀! Nígbà ẹ̀rùn! Òjò ò ní dúró de ìjọba."

"Tí ìdá tí wọ́n ń yọ bá kéré, Gunnvor á rí i. Òun ló ń san owó oṣù mi, ó mọ iye tí mò ń gbà. Tí ìdá ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ bá já wálẹ̀, kò sí ohun míì tó ń fà á ju gbèsè lọ. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ fún un."

"Ta ni kò jẹ báńkì ní gbogbo Norway? Ṣé Arnfinn ni kò jẹ? Àwọ̀n tó ń fi sin ẹja gan-an, báńkì ló ni ín."

"Arnfinn jẹ báńkì?"

Asta gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. "Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni."

Ṣùgbọ́n irúgbìn ti bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Oddvar kò ronú nípa òrùlé mọ́, ìdá Arnfinn ló ń rò. Tí òun bá mọ ìdá tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ọkùnrin tí gbogbo abúlé ń pè ní olówó, òun á mọ ìdá tí ojú ò ní ti èèyàn láti gbé síwájú Gunnvor.

Ẹni tó bá dàgbà ní Norway kò nílò kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ewé bá ti wọ́ tán, ìjọba máa ń ṣí àkọsílẹ̀ owó orí sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ohun tó wọlé fún lágbájá, ohun tó ní, ohun tó san. Oddvar rántí bí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe máa ń pagbo yí kọ̀ǹpútà ká kí òun tó lọ Singapore, tí wọ́n ń wá orúkọ ọ̀gá, tí wọ́n ń wá orúkọ àna, tí wọ́n ń fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ láàárín ìwọ àti ojú ẹ ni. Ojú kì í sì í rojọ́.

Ó ṣe é ní ọ̀sán Sátidé kan, tí òjò ń lu fèrèsé. Láwọn ọdún wọ̀nyẹn, èèyàn kàn ń ṣí i ni. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ìbí rẹ̀ àti àmì inú fóònù rẹ̀ wọlé. "Ìjọba yìí," Oddvar sọ fún garawa, "kò lè ṣe kó má bi èèyàn pé ta ni ìwọ." Ó tẹ̀ ẹ́. Káàdì owó orí tó yẹ kó tún ṣe wà lápá kan. Àkọsílẹ̀ owó orí wà lápá kejì. Ìdí tó fi kọ́kọ́ lọ sí apá kejì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ó wá Arnfinn. Arnfinn lówó, kò sí àní-àní. Ó fi owó tó wọlé pín owó tó san, ó kọ ìdá náà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Ó wá Torunn, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ìyá náà máa ń sunkún ọjà. Ìyá náà kò ní ìdí láti sunkún. Ó wá àlùfáà, nítorí pé àlùfáà wọ bàtà kan náà láti àárọ̀ ọdún. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pa kọ̀ǹpútà náà, ó wá Gunnvor. Nítorí ìfẹ́ ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Gunnvor kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ohun tó sì tò jọ ju ohun gbogbo tí Oddvar ní lọ, àfi tá a bá ka garawa. Orúkọ Asta ni kò wá. Ti Asta, ó mọ̀ ọ́n. Asta ti sọ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ló tún káàdì tirẹ̀ ṣe. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó ń wọlé, ó kọ owó oṣù rẹ̀, ó sì fi owó kan kún un, owó tó ní ó ń bọ̀ láti òkèèrè, owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí láyé. Níbi tí wọ́n ti béèrè gbèsè, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ó ń yí i, ó ń tún un yí, títí ìdá tó jáde fi rọra ga ju ti Arnfinn lọ. Kò tó ìdajì mọ́, ó sì ṣeé rí lójú.

"Káàdì ẹ ti dé," Gunnvor sọ fún un lọ́jọ́ Ajé. "Ó ga o."

"Nǹkan díẹ̀ ń wọlé láti ibòmíràn," Oddvar dáhùn, ó ń wo èékánná rẹ̀.

Gunnvor yí padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Owó tó kù fún un báyìí tó kan ìdajì òrùlé. Ìdajì wo? Ẹ má bi mí. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì ni. Wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tuntun bò ó, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè, níbi tí àgùntàn nìkan ti lè rí i, tàpólì ni wọ́n nà sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí káàdì náà dé làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Oddvar wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra kọfí, Torunn sì gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Oddvar! Báwo lo ṣe rí mi? Ṣé mo tó bẹ́ẹ̀, àbí kí n tún tiraka sí i?"

"O tó bẹ́ẹ̀ dáadáa, Torunn."

"Ó ní mo tó! Ẹ gbọ́, ó ní mo tó! Ó yẹ kó mọ̀." Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Oddvar náà bá wọn rín in, gẹ́gẹ́ bí olówó ṣe máa ń bá mẹ̀kúnnù rẹ́rìn-ín.

Arnfinn pàdé rẹ̀ létí omi, ó sì gbá a lẹ́yìn. "Ọdún tó kọjá dáa fún mi, àbí kò dáa?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Háà, Oddvar, Oddvar." Arnfinn mi orí, ó ń lọ. "Singapore kọ́ ẹ níwà tútù o."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà wàásù lórí ẹni tó ń ṣojú kòkòrò sí ilé ọmọnìkejì rẹ̀. Ó wo ibi tí Oddvar jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na bàtà rẹ̀ síwájú bí ẹni pé ó fẹ́ kí wọ́n rí i. Oddvar yí ọrùn wo àwọn ará ìjọ. Ó ṣàánú wọn. Ìlara kì í jẹ́ kí èèyàn sùn.

Asta gan-an wá bá a. "Kí lo ṣe fún wọn? Gbogbo wọn ń bi mí bóyá ara ẹ dá."

"Gunnvor ló ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ìdá mi ṣe ga tó."

"Gunnvor kì í sọ̀rọ̀ owó oṣù ẹnikẹ́ni."

"Ìfẹ́ máa ń tú ẹnu," Oddvar ní, ó sì pinnu pé òun máa dárí jì í.

Síbẹ̀, bí Ọjọ́ Ìsinmi àbẹ́là ṣe ń súnmọ́, ojoojúmọ́ ló ń wo ojú ọ̀run. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó ń wúwo lórí tàpólì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó gun àkàbà, ó fi ìgbálẹ̀ gbá a dà nù. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ti kó jọ síbẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣe kọfí. Ó tan àbẹ́là. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

Gunnvor dé. Ó gbọn yìnyín kúrò lára, ó fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, ó mu kọfí díẹ̀.

"Mo rí òrùlé ẹ látòkèèrè," ó ní. "Ó dáa. Jẹ́ ká wo ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn tutù. Jókòó."

"Oddvar."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo tàpólì tó wú sísàlẹ̀ láàárín igi àjà bí ikùn màlúù, wọ́n ń wo garawa, ìkòkò, àwo ìmùkọfí. Tó. Tó. Oddvar ń retí kó bínú. Ẹ̀rín ló gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà èwe wọn, ẹnu Gunnvor ṣí, eyín rẹ̀ yọ.

"O tún iwájú ṣe, o fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àgùntàn!" Ó nu ojú rẹ̀. "Asta ti sọ fún mi nípa ilé Spain."

"Asta! Nígbà wo?"

"Ní ọjọ́ kejì tó o sọ fún un. Ṣé gbèsè ló ń pa ẹ́ láti ọjọ́ yìí? Gbèsè kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Lọ́la, lọ kọ òótọ́ sí káàdì ẹ, kí n lè san ohun tó jẹ́ tìẹ fún ẹ. Nígbà ẹ̀rùn, a ó jọ kan ẹ̀yìn yìí. Ilé mi ń bẹ níbẹ̀, kò sí ohun tó ń lé wa."

*A ó jọ.* Oddvar gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi tó fi di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n padà sídìí tábìlì, Gunnvor sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ Oddvar, ọwọ́ tó gbóná nítorí kọfí.

"Ohun kan ló kù," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún mi, ó tán. Ṣé o wá orúkọ mi nínú àkọsílẹ̀ owó orí?"

Omi kán nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó tún kán. Oddvar wo àbẹ́là. Òun àti kọ̀ǹpútà nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun àti garawa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ọ̀kan jì í ni. Ta ni yóò tún gbé òmíràn wá sórí tábìlì?

"Èmi?" ó ní. "Gunnvor, èmi kì í yọjú wo àpò ẹlòmíràn. Owó kì í ṣe ìṣòro mi."

Gunnvor gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò gbé e kíákíá. Ó dìde, ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lẹ́yìn àga, ó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Ìgbà tó o wà ní Singapore ni wọ́n yí òfin àkọsílẹ̀ yẹn padà," ó ní. "Tí ẹnikẹ́ni bá wá orúkọ ẹ níbẹ̀ báyìí, wọ́n á fi orúkọ ẹni náà hàn ẹ́."